Òdòdó wo ló yẹ kó gun ògiri yín ní Ìkòròdú?

Ẹ kú oríire ilé tuntun o. Ilé á tù yín lára, ẹ ó lò ó pẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ bèèrè ni pé irú róòsì tó ń gùn wo lẹ lè rà tó máa bo géètì àti ògiri iwájú ilé yín ní Ìgbógbó, bíi tàwọn ilé òyìnbó tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò. Ẹ tún ní ìyá ọkọ yín ti kìlọ̀ pé àwọn ò fẹ́ ìtàkùn tó máa kó ejò wọlé. Ìjẹ̀dẹ̀ lèmi ń gbé, a ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, òjò kan náà ló ń pa wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbin oríṣiríṣi òdòdó sára ògiri mi, owó àti òógùn ni mo sì fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ wá ọjọ́ kan tí oòrùn mú dáadáa, kẹ́ ẹ máa yọjú wo ògiri yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ẹ wo iye wákàtí tí oòrùn fi wà lára ẹ̀. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Bí òjò bá rọ̀, ẹ wo ibi tí omi ń dúró sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn, òdòdó ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yàn, wọ́n á wá máa fipá wá ibi tí wọ́n máa rì í mọ́. Èmi gbà pé ògiri ló yẹ kó yan òdòdó fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ti orí róòsì tẹ́ ẹ fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀. Róòsì tó ń gùn kì í lọ́ mọ́ nǹkan bí iṣu ṣe ń lọ́ mọ́ ọ̀pá. Ẹ̀ka ẹ̀ kàn ń gùn gbọọrọ ni, tí ẹ̀gún ẹ̀ á máa há mọ́ ohun tó bá kàn, ẹni tó ni ín ló máa fi okùn dè é. Ìyẹn ò le. Ojú ọjọ́ wa ló le fún un. Róòsì ò bẹ̀rù oòrùn, ó tiẹ̀ ń fẹ́ tó wákàtí 6 lójúmọ́. Ọ̀rinrin ló ń bá a jà, pẹ̀lú òru wa tí kì í tutù. Ẹ wo Jos, tó fi bíi mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ. Ẹ wo Naivasha ní Kẹ́ńyà, tó tún ga ju Jos lọ, níbi tí wọ́n ti ń gbin róòsì tí wọ́n ń kó lọ tà ní Yúróòpù. Bí oòrùn bá ti wọ̀ níbẹ̀, ara ewéko á tutù, á sinmi. Ìkòròdú rèé létí ọ̀sà: ilẹ̀ á ṣú tán, ooru ò ní lọ, ìrì á tún máa sẹ̀ sórí ewé.

Àrùn tó máa ń tẹ̀lé e, ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ewé tó sún mọ́ ilẹ̀ jù, tí ẹrẹ̀ òjò ń ta sí, á yọ àmì dúdú rogodo. Etí àmì náà máa ń rí jágajàga, kì í gún. Yíká ẹ̀ á wá pọ́n rúsúrúsú, tó bá sì ṣe díẹ̀, tẹ́ ẹ bá kàn fọwọ́ kan ewé náà, á já. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fà á, kò sì lè ráyè wọ ewé àfi kí ewé yẹn wà ní tútù fún bíi wákàtí 7 léra. Òjò òru kan ṣoṣo lóṣù kẹfà ti fún un láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Róòsì pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì kékeré mi, bí ọyẹ́ bá dé, àwọn tó ń kọjá máa ń dúró wò ó. Bó bá di àárín oṣù kẹfà, igi àti ẹ̀gún nìkan ló máa ń kù. Tí òjò bá wá dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ, á tún máa rúwé. Bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá lè fara mọ́ irú ìgbésí ayé yẹn, ẹ gbìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi bo ògiri iwájú ilé látòkèdélẹ̀, torí ògiri ìhòòhò lẹ máa ní ní gbogbo ìgbà òjò.

Èyí tẹ́ ẹ máa rà náà ṣe pàtàkì. Irú àwọn tó wà nínú fọ́tò yẹn, bíi New Dawn tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1930 (òun ni ewéko àkọ́kọ́ tí ìjọba ibẹ̀ fún ní ìwé ẹ̀tọ́, ní 1931, pé kẹ́nikẹ́ni má gbìn ín tà láìgbàṣẹ), ibi tí ìgbà òtútù wà ni wọ́n ti yọrí. Àwọn tó fẹ́ ooru ni irú èyí tó wá láti China láyé àtijọ́, bí Old Blush: òdòdó ẹ̀ ò tóbi, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ìdì-ìdì ló ń yọ, kì í sì í dúró de ìgbà òtútù kó tó tanná. Irú ẹ̀ kan wà tó ń gùn. Ẹni tó ń ta òdòdó létí títì lè má mọ orúkọ yìí. Ẹ má jà lórí orúkọ. Ẹ bi í pé: ṣé ẹ̀ka tẹ́ ẹ gé gbìn níbí ni, ṣé ó sì ti lo ìgbà òjò kan lọ́dọ̀ yín? Tó bá ti la oṣù kẹfà àti oṣù keje kọjá nínú láílọ́ọ̀nù dúdú yẹn tí ewé ṣì wà lára ẹ̀, ẹ san owó ẹ̀. Èyí tó kún fún òdòdó ńlá ńlá lọ́sẹ̀ tí wọ́n já a láti inú ọkọ̀, ẹ máa wò ó kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ tún wo ìdí ẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó kan níbi tí igi ti pàdé gbòǹgbò, a jẹ́ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbòǹgbò róòsì míì ni. Ẹ̀ka tó bá yọ lábẹ́ kókó yẹn kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rà, ẹ fọwọ́ ya á kúrò, torí ó máa gba oúnjẹ mọ́ èyí tó wà lókè lẹ́nu títí tó fi máa kú. Fún ẹ̀yin ará Àgbádárìgì àti Ẹ̀pẹ́ tí ilẹ̀ yín jẹ́ kìkì yanrìn, lílẹ̀ yìí lè ṣe yín láǹfààní, torí aràn tín-ín-tìn-ín kan wà nínú yanrìn tó ń jẹ gbòǹgbò róòsì. Ní Florida, tí ilẹ̀ wọn náà jẹ́ yanrìn, gbòǹgbò róòsì kan tó ń jẹ́ Fortuniana ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ń fara da aràn náà.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbìn ín sí gbọ́dọ̀ gba oòrùn àárọ̀, kí ìrì tètè gbẹ. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Ilé tuntun ni tiyín, mo sì mọ ohun tó wà nídìí ògiri ilé tuntun: àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì tó ti dì. Ẹ hú gbogbo ẹ̀ kúrò. Róòsì ò fẹ́ ilẹ̀ tí símẹ́ǹtì ti wọ̀. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ ilẹ̀ pupa tó ń gba omi dúró, ẹ kó ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa lé e lórí kó ga díẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bomi rin, láàárọ̀, ẹ má wọ́n omi sórí ewé. Ewé tó bá já, ẹ ṣà á jóná.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dájú ni títẹ̀. Ẹ̀ka róòsì tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ kó dúró gangan, orí ẹ̀ nìkan ló máa tanná. Tẹ́ ẹ bá rọra tẹ ẹ̀ka yẹn, tẹ́ ẹ dè é mọ́ wáyà kó sùn gbalaja, gbogbo ojú tó wà lára ẹ̀ ló máa hù, ojú kọ̀ọ̀kan á yọ ẹ̀ka kúkúrú tó ń gbé òdòdó. Láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ ti bomi rin ín dáadáa ló dáa kẹ́ ẹ ṣe é, torí ẹ̀ka tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń ṣẹ́.

Ní báyìí, ògiri iwájú. Bí ó bá gba oòrùn láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, bougainvillea ni, ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún aláwọ̀ títàn yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí i kiri títí tó fi sú yín, ẹ sì fẹ́ nǹkan míì. Mo bẹ̀ yín, ẹ já ìdì kan kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Àwọ̀ yẹn, ewé ni. Ewé mẹ́ta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló kóra jọ, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnu ẹ̀ funfun wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn gan-an ni òdòdó ẹ̀. Torí pé ewé ni, kì í rẹ̀ bọ̀rọ̀, àwọ̀ ẹ̀ á wà lórí igi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó fẹ́ràn oòrùn gbígbóná, ó sì ń fara da ohun tó ń pa róòsì yín lára díẹ̀díẹ̀: ilẹ̀ tí kò lọ́ràá àti atẹ́gùn òkun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Àgbádárìgì, iyọ̀ inú atẹ́gùn ti jẹ wáyà ògiri wọn di ìpẹtà, bougainvillea tó wà lórí wáyà náà ò mira.

Ẹni tó bá ń sọ pé tòun ò tanná, omi àti ajílẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ sí i, ewé tútù yọ̀yọ̀ lẹ máa rí. Tó bá ti fìdí múlẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ títí ewé ẹ̀ á fi sorí kọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ tó bomi rin ín. Lórí ẹ̀ka tuntun ló ń tanná, nítorí náà mo máa ń gé tèmi bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, bí ọyẹ́ bá fi máa dé, ògiri á ti pọ́n. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbìn ín, ẹ fi abẹ ya láílọ́ọ̀nù kúrò, ẹ má tu iyẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀ ò fẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gún ẹ̀ ń gún sálúbàtà jáde, ó sì ń gún táyà. Ẹ gbá ẹ̀ka tẹ́ ẹ bá gé kúrò lójú ọ̀nà mọ́tò lọ́jọ́ náà gan-an.

Tẹ́ ẹ bá ní àtíbàbà níbi tẹ́ ẹ ti máa ń jókòó gbatẹ́gùn nírọ̀lẹ́, Rangoon creeper ni kẹ́ ẹ wá lọ, àwọn míì ń pè é ní Quisqualis. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú ló máa ń là, funfun báláú, òórùn dídùn ẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá, àwọn labalábá òru á máa fò yí i ká. Ilẹ̀ á mọ́, funfun yẹn á ti di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, á ti pọ́n dòò. Lára ìdì kan náà lẹ ti máa rí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo gbìn lọ. Ṣùgbọ́n alágbára ni: á gun páànù, á gun wáyà iná, á sì máa hù láti ìdí. Ẹ jẹ́ kí ohun tẹ́ ẹ fi gbé e dúró nípọn, kẹ́ ẹ sì gbìn ín jìnnà sí ògiri aládùúgbò.

Ẹ̀gbẹ́ tó bá wà lábẹ́ òjìji, bóyá lábẹ́ máńgòrò, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Clerodendrum thomsoniae ló ni ibẹ̀: àpò funfun, òdòdó pupa tó yọ láàárín ẹ̀. Ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa níbí ló ti wá. Ìyàwó míṣọ́nnárì kan tó ṣiṣẹ́ ní Calabar láyé ọjọ́un ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ. Oòrùn àárọ̀ díẹ̀ ti tó o.

Allamanda, olódòdó yẹ́lò tó wà káàkiri, rẹwà, àmọ́ oje funfun inú ẹ̀ ń yún ara, gbogbo ara ẹ̀ sì ní májèlé. Níbi tí ọmọ kékeré tàbí ewúrẹ́ bá wà, mi ò ní gbìn ín. Antigonon, olódòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí oyin fẹ́ràn, ń ta iṣu sábẹ́ ilẹ̀. Tó bá ti wọlé, kì í jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ń kọ́? Òótọ́ wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òdòdó kọ́ ni ejò ń wá, eku, alángbá, ọ̀pọ̀lọ́ àti ibi tútù tó ṣókùnkùn ló ń wá. Ẹ gé gbogbo ewé tó wà nísàlẹ̀ títí dé orúnkún, kẹ́ ẹ lè máa rí ilẹ̀ àti ìdí ògiri kedere. Ẹ má to búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù sí ìdí ìtàkùn. Ẹ máa gbá ewé gbígbẹ. Kẹ́ ẹ sì wá ìdérí sí ike ìdọ̀tí, kí oúnjẹ ajá má máa sùn síta, torí eku ló ń júwe ilé fún ejò.