Èsì: Wíwo àwòrán olókìkí pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ẹ béèrè bóyá ọmọ ọdún mẹ́rin ti kéré jù láti wo iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ayàwòrán, àti ohun tí ẹ lè bá a sọ nípa rẹ̀. Kò kéré rárá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni àwòrán tí Pieter Bruegel yà ní ọdún 1560, tí ó wà ní Vienna báyìí, níbi tí àwọn ọmọdé tó ju 200 lọ ti ń ṣeré. Kí ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá ẹni tó ń fi igi lé òrùka ńlá kiri àti àwọn tó gun agbá bí ẹni gun ẹṣin. Ìbéèrè tó ń ṣí ọmọ lẹ́nu jù ni “Kí lo rí?”, nítorí pé kò sí bí yóò ṣe dáhùn tí a ó ní ó ṣì í. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwòrán òru oníràwọ̀ tí Vincent van Gogh yà ní 1889, ẹ ní kí ó fi ìka ya bí ojú ọ̀run ṣe ń yí po, láìfọwọ́ kan àwòrán náà. Orúkọ àti ọdún lè dúró ná. Bí ó bá sì sú u lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ, kí ẹ tún padà sí àwòrán kan náà lọ́jọ́ mìíràn.