Ọ̀pẹ̀ òyìnbó Allada kọ́ ló ń pa wá lára

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí ìjọba tún ti bodè, nítorí pé ọjà tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń tà fún wa ju èyí tí à ń tà fún wọn lọ, ẹ jẹ́ kí èmi tí wọ́n ti bodè mọ́ rí fèsì.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mo ń kó láti Allada ní Bẹ̀nẹ̀ wọ Èkó. Ní August 2019, Sèmè, ní ẹnu bodè, ni ọkọ̀ mi wà nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti bodè pa. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, omi ti ń kán lábẹ́ ọkọ̀ sórí ọ̀dà, eṣinṣin bo tapólì, dẹ́rẹ́bà sì ń ṣa èyí tó ti rà dà sínú kòtò. Àwìn ni mo fi ra ẹrù yẹn. Ọdún méjì gbáko ni mo fi san án. Bẹ́ẹ̀, láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti sọ pé irè oko tí a kò tíì sọ di nǹkan mìíràn kò ní san owó bodè, kò sì nílò ìwé ẹ̀rí ibi tó ti wá.

Ìrẹsì Thailand àti mọ́tò tòkunbọ̀ ńkọ́? Ta ló gbìn ín, ta ló ṣe é ní Bẹ̀nẹ̀? Èbúté Kùtọnú ni wọ́n kàn gbà kọjá. Nínú àdéhùn yẹn, ọjà tí wọ́n fi ohun èlò òkè òkun ṣe gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìdá 30 nínú 100 iye rẹ̀ láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i ní orílẹ̀-èdè ECOWAS kó tó lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba wa ti fòfin de ìrẹsì lórí ilẹ̀ ní 2016, ó de mọ́tò ní 2017, síbẹ̀ fàyàwọ́ ń kó wọn gba inú igbó.

Àwa náà ń tà! Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, epo bẹntiróòlù wa tí fàyàwọ́ kó sọdá ni kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì ní Kùtọnú. Ìwé aṣọ́bodè wo ló ka ìyẹn mọ́ ọjà tí a tà? Ìdí nìyí tí n kì í fi gba iye tó wà nínú ìwé gbọ́ tán.

Oṣù mẹ́rìndínlógún ni bodè fi wà ní títì, fàyàwọ́ ò sinmi. Èmi tí mo ń gba ojú ọ̀nà ni wọ́n dá dúró. Kí ẹ tó ní kí wọ́n ti bodè, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó wà nínú ọkọ̀ àti ibi tó ti hù.