Gáùn tó ń pa kòkòrò àrùn fúnra ẹ̀: ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó rà á

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mo rí ìbéèrè yín pé ṣé kẹ́ ẹ ra aṣọ tó ń pa kòkòrò fúnra ẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ fi rán gáùn fáwọn nọ́ọ̀sì yín, àti pé ìgbà mélòó lèèyàn lè fọ̀ ọ́ kí agbára ẹ̀ tó tán. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù ibà Lassa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo ti wọ irú ẹ̀, inú sì ń bí mi títí dòní.

Kí aṣọ pa kòkòrò yàtọ̀ sí kó má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbà á kọjá o. Ọ̀gá tó kó gáùn ọ̀hún wá fún wa sọ pé fàdákà wà nínú òwú ẹ̀, ó ń pa 99% kòkòrò, ni wọ́n bá dín gáùn oníláílọ́ọ̀nù tí à ń lò ká jù nù kù, wọ́n ní owó ń ṣòfò. Lóru ọjọ́ kan wọ́n gbé aboyún kan wá, oyún ẹ̀ ti gbó, ìgbà yẹn gan-an ni Lassa máa ń le jù lára aboyún, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, a dì í mú, kí n tó mọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti gba apá gáùn wọlé, ó ti kan awọ ara mi. Mo fi tó ọ̀gá yẹn létí, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, aṣọ yẹn á ti pa á. Á ti pa á báwo? Lassa lè wà lára èèyàn fún ọjọ́ 21 kó tó yọjú! Láàárọ̀ lálẹ́ ni mò ń ki tẹ̀mómítà bọ abíyá, bórí bá fọ́ mi díẹ̀ àyà mi á já, ojú fèrèsé lọkọ mi ń gbé oúnjẹ sí, àbíkẹ́yìn mi ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò sì lè gbé e. Ọlọ́run yọ mí. Kò sẹ́nì kankan tó wá kí mi láti ọ́fíìsì wọn.

Ìgbà tí mo ráyè ka ìwé tó bá aṣọ yẹn wá ni mo rí i pé ISO 20743, ìlànà àyẹ̀wò àgbáyé kan, ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bákitéríà ni wọ́n máa ń fi sórí aṣọ níbẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún wákàtí 18 sí 24 kí wọ́n tó kà á, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èmi fi ń ti ìdí bẹ́ẹ̀dì kan dé òmíràn. Fáírọ́ọ̀sì sì ni Lassa, ìlànà míì, ISO 18184, ni wọ́n fi ń yẹ aṣọ wò fún fáírọ́ọ̀sì. Tí ẹ̀jẹ̀ tàbí òógùn bá tún bo fàdákà yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ á dín kù.

Kì í ṣe pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Irú kan wà tó ń di klorín mú, tó bá tán ẹ óò tún rẹ ẹ́ sínú bílíìsì tí wọ́n fomi là, á sì padà bọ̀ sípò. Lọ́dún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gang Sun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Davis, California, gbé èyí tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń mú ṣiṣẹ́ jáde. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n ń kó kiri tà fún wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni da ọtí spírítì sórí ìbòmú N95 kó ní òun ń fọ̀ ọ́, agbára mànàmáná tó wà lára aṣọ inú ẹ̀ tó ń fa eruku mọ́ra ló máa kú. Kẹ́ ẹ sì máa bo gààrí yín nílé, eku ló ń gbé Lassa wọlé.

Ti fífọ̀ tẹ́ ẹ béèrè: tó bá jẹ́ orí aṣọ ni wọ́n kun fàdákà sí, á máa bómi lọ, èyí tí wọ́n pò mọ́ òwú látìbẹ̀rẹ̀ ló ń pẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á mú èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ wá, àti ti pé omi àti ẹ̀jẹ̀ ò gbà á kọjá. Tí kò bá ní ìkejì yẹn, épírọ́ọ̀nù oníláílọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀ dandan. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, ẹ ti mọ̀ yẹn, kẹ́nì kan ṣáà máa wo ẹni tó ń bọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé yẹn gbà, ẹ yà á síbí, màá bá yín kà á.