Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ mẹ́tàlélógún ló wà lọ́dọ̀ mi. Ìwé ìṣirò owó la máa ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó oṣù rí. Mo sì ní kí wọ́n kọ ìlànà márùn-ún tí a gbà gbọ́ sára ògiri lẹ́nu ọ̀nà, òtítọ́ ló ṣáájú nínú wọn. Síbẹ̀, ènìyàn mẹ́jọ ló ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láàrin ọdún kan. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà wa tó tóbi jù pè mí pé àṣìṣe wà nínú ìwé tí a bá òun ṣe. Nígbà tí mo wádìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mẹ́rin lára àwọn òṣìṣẹ́ mi ti mọ̀. Ọmọ mi ní àṣà ilé-iṣẹ́ wa ni kò dára. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìyẹn. Ṣé ó kan irú tèmi yìí? — *Oníṣirò tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀*

Ìdáhùn: Ó kàn yín, ó kàn yín dáadáa. Níbi tí òṣìṣẹ́ ò bá ju mẹ́tàlélógún lọ, kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, gbogbo wọn ti mọ bí ojú ọ̀gá ṣe rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka lẹ́tà yín. Ó jọ pé àwọn mẹ́jọ tó lọ ló dùn yín jù. Èmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ènìyàn mẹ́rin tí ẹ ń sanwó fún rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, wọ́n ń kí yín ẹ káàárọ̀, wọ́n ń kí yín ó dàárọ̀. Mi ò rò pé ènìyàn burúkú ni wọ́n. Wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́dọ̀ yín ni, tí ẹ̀yin fúnra yín ò sì mọ̀ pé ẹ kọ́ wọn: ẹni tó bá gbé ìròyìn burúkú wá ni wọ́n máa di ẹrù rẹ̀ lé lórí. Ohun tí èmi ń pè ní àṣà ilé-iṣẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Àwọn mìíràn á sọ̀rọ̀ aṣọ tí a wọ̀, àga tí a jókòó lé, àríyá ìparí ọdún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹ bi mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó sọ fún ọ̀gá pé "nǹkan ti bàjẹ́ o", màá sì sọ bí ilé-iṣẹ́ yẹn ṣe rí fún yín.

Ojú mi ló rí i. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ilé-iṣẹ́ kejì tí mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Ní ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó nawọ́ sókè, ó ní ẹrù tó wà nínú ìwé pọ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Ọ̀gá wa wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan ló mọ̀wé kà níbí ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó. Láti ọjọ́ yẹn, ìpàdé wa kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ mọ́, ọ̀gá sì ń yangàn pé ìṣọ̀kan ti wọlé. Oṣù méje lẹ́yìn náà ni àwọn ayẹ̀wéwò tó tú àṣírí ohun tó ti sọnù. Ó pọ̀ débi pé òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ni a dá dúró. Èmi ni mo kọ ìwé ìdádúró wọn. Ọmọ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ wà lára wọn. Mi ò tíì dárí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ji ara mi.

Ẹ wá wo ti ara ògiri yẹn. Enron, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta gáàsì àti iná mànàmáná ní Amẹ́ríkà, náà ní tirẹ̀, mẹ́rin ni: ìwà òtítọ́, ìbánisọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀, àti iṣẹ́ tó pegedé. Nílé kan náà, wọ́n ń to òṣìṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ń díwọ̀n iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ sì mọ̀ pé òun ń lọ ilé nìyẹn. Èwo ni ẹ rò pé òṣìṣẹ́ gbọ́ nínú méjèèjì? Ta ni yóò fẹ́ sọ àṣìṣe ara rẹ̀ níwájú ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò? Nígbà tí Sherron Watkins, ọ̀kan lára àwọn igbákejì ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, kọ̀wé sí Kenneth Lay, ọ̀gá pátápátá, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, pé ìṣirò owó wọn lè tú wọn ká, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Enron wọ ilé ẹjọ́ lọ pé òun ti wọko gbèsè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló pàdánù iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ lára wọn sì bá a lọ.

Ẹ lè ní irú òṣìṣẹ́ tí ẹ gbà ni kò dára. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìtàn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó wà ní Fremont, ní California. General Motors ló ni ín, ó sì tì í pa ní 1982. Òṣìṣẹ́ ń pa iṣẹ́ jẹ, ìjà àwọn àti àwọn ọ̀gá kì í tán, ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ kún fún àléébù. Òfin tó lágbára jù níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró: bí o bá rí ọkọ̀ tó ní àbùkù, jẹ́ kó kọjá, ẹlòmíràn á tún un ṣe níwájú. Ní 1984, Toyota àti General Motors pawọ́ pọ̀ ṣí i padà, wọ́n sọ ọ́ ní NUMMI. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àtijọ́ ló sì ń ṣojú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ta okùn kan sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá rí àṣìṣe lè fà á. Bó bá ti fà á, olórí ikọ̀ á sáré dé, á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á jọ tún un ṣe. Bí kò bá tètè yanjú, gbogbo iṣẹ́ á dúró dè é. Kò pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ wọn fi ń bá ti Japan dọ́gba. Àwọn ènìyàn kan náà o! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá fa okùn ló yí padà.

Okùn dà lọ́dọ̀ yín? Ta ló fà á kẹ́yìn, kí ni ẹ sì sọ fún un?

Ó tún le ju ti ọkọ̀ lọ lóde òní. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò, ọ̀gá lè dúró tì í kó rí bó ṣe ń ṣe é. Iṣẹ́ tiyín, inú orí ni wọ́n ti ń ṣe é, níwájú kọ̀ǹpútà, àwọn kan tilẹ̀ lè wà nílé wọn tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ ò lè rí àṣìṣe àyàfi kí ẹni tó rí i sọ fún yín. Gbogbo òwò yín wá dúró lórí bóyá ẹnì kan lè lanu, ẹ̀rù ò sì bà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ pe àwọn mẹ́rin yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lẹ́yìn tábìlì yín. Ẹ má béèrè pé ta ló jẹ̀bi. Ẹ bi wọ́n pé: "Kí ni o rò pé mo máa ṣe bí o bá sọ fún mi?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn á le fún yín, ẹ fara dà á. Ẹ má ṣàlàyé ara yín, ẹ má sọ pé "ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ mí". Ohun tí ẹ bá gbọ́ ni àṣà ilé-iṣẹ́ yín, kì í ṣe ohun tó wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹ sọ àṣìṣe kan tí ẹ̀yin gan-an ṣe lọ́dún yìí. Àṣìṣe gidi, tó ná ilé-iṣẹ́ lówó.

Ẹ ó rí i pé àṣìṣe tí wọ́n ń ròyìn máa pọ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ má jáyà. Amy Edmondson, olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì Harvard, bá irú rẹ̀ pàdé nígbà tó ń ṣèwádìí lórí àṣìṣe oògùn ní ilé ìwòsàn: àwọn ikọ̀ tí àárín wọn gún ló ń ròyìn àṣìṣe jù. Ó kọ́kọ́ rú u lójú. Ó wá yé e pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ò ṣàṣìṣe ju àwọn yòókù lọ, pé sísọ ni wọ́n lè sọ ọ́. Ti àwọn mẹ́jọ tó lọ, bí ẹ bá ṣì ní nọ́ńbà wọn, ẹ pe méjì nínú wọn. Mo rò pé ohun tí àwọn mẹ́rin bá sọ náà ni wọ́n máa sọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mánéjà ni mí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá mi tajà ló ń mú ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé wá, ṣùgbọ́n ó ń bú gbogbo ènìyàn, ó sì ń parọ́ fún oníbàárà. Ọ̀gá mi ní kí n fi í sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe? — *Mánéjà tó rẹ̀*

Ìdáhùn: Àwọn yòókù ń wò yín. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ ti sọ fún wọn pé irọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí ó bá ti pa owó wọlé, àwọn náà á sì gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní báǹkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Wọ́n ní kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mẹ́jọ lọ́dọ̀ àwọn, àkáǹtì, káàdì, gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń fúngun mọ́ òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àkáǹtì lórúkọ àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 185 dọ́là lé báǹkì náà, ó sì hàn pé ó ti lé nǹkan bí 5,300 òṣìṣẹ́ láàrin ọdún mélòó kan. Ẹ rò ó wò: bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn bá ṣe ohun kan náà, ṣé ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan la fẹ́ pe ìyẹn? Ní ọdún 2020, báǹkì náà tún gbà láti san bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là.

Ẹ kọ irọ́ mẹ́ta tó pa sílẹ̀, pẹ̀lú déètì, kí ẹ gbé e fún ọ̀gá yín. Ẹ má mẹ́nu ba èébú nínú rẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ inú bíbí lásán ni. Irọ́ fún oníbàárà ni kí ẹ dì mú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ibi méjì. Báwo ni mo ṣe lè mọ àṣà ilé-iṣẹ́ kí n tó wọ̀ ọ́? — *Ọmọ yín tó ń wáṣẹ́*

Ìdáhùn: Ọmọ mi, wọ́n á bi ọ́ bóyá o ní ìbéèrè. Sọ pé: "Ìgbà wo ni òṣìṣẹ́ kan sọ ohun kan níbí kẹ́yìn tí ọ̀gá fi yí èrò rẹ̀ padà?" Má wo ẹni tó ń dáhùn nìkan, wo ojú àwọn tó jókòó tì í. Bí wọ́n bá wo ara wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ibẹ̀ ṣeé gbé. Bí gbogbo wọn bá yíjú sí ọ̀gá láti mọ ohun tí àwọn lè sọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o lọ sí ibi kejì.