Ẹnì kan dá àjọ, abẹ́ orúkọ gbogbo ọjà ni owó bọ́ sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Màmá mi ń gba àjọ ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Mo fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ètò kékeré kan tí á máa bá wọn ṣe àkọsílẹ̀. Mo lo class bí wọ́n ṣe kọ́ wa, àmọ́ bí ẹnì kan bá dá 200 náírà, abẹ́ orúkọ gbogbo oníbàárà ló ń bọ́ sí. Ṣé class àti object kì í ṣe ohun kan náà ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá. Wọn kì í ṣe ohun kan náà rárá, ibẹ̀ gan-an lẹ ti ṣì í.

Ẹ mú káàdì àjọ kan tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí nínú báàgì wọn. Àyè orúkọ wà níbẹ̀, àpótí 31 wà níbẹ̀, kò sì tíì di ti ẹnikẹ́ni. Class nìyẹn. Ọjọ́ tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ bá gba tiwọn, tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí i, ó di object. Oníbàárà 40, object 40, class kan ṣoṣo.

Ó dá mi lójú pé ẹ kọ owo = [] sí abẹ́ class Kaadi ní tààrà. Ẹyọ àkójọ kan ni Python á ṣe níbẹ̀, gbogbo káàdì á sì jọ máa lò ó. Ẹ gbé e wọ inú __init__, iṣẹ́ tí Python máa ń ṣe nígbàkigbà tí a bá ṣe káàdì tuntun, kí ẹ kọ ọ́ báyìí: self.owo = []. Self yẹn ló ń sọ pé "káàdì tèmi yìí". Mo ti pàdánù oorun òru kan gbáko sórí irú àṣìṣe yìí rí.

Oníbàárà kì í sì gba bírò lọ́wọ́ alájọ kó fúnra rẹ̀ sàmì. Nítorí náà, kí ibòmíràn nínú ètò yín má fọwọ́ kan self.owo, ọ̀dọ̀ da_owo(), iṣẹ́ tí ẹ ó kọ sínú class náà láti máa gba owó, ni kí gbogbo owó gbà wọlé, kó lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sàmì. Encapsulation tí wọ́n ń pariwo nìyẹn. Èdè Java ní ọ̀rọ̀ private tó ń tì í pa. Ní ti Python, àmì _ níwájú orúkọ, ìkìlọ̀ lásán ni.

Bí àwọn tó ń dá ti ọ̀sẹ̀ bá wà, class KaadiOse(Kaadi) á jogún ohun gbogbo, ẹ ó kàn yí bí a ṣe ń yọ owó alájọ padà. Láti ìgbà èdè Simula 67 tí Dahl àti Nygaard ṣe ní Norway ni irú ogún bẹ́ẹ̀ ti wà. Ẹ má kánjú sí i ṣá. Ọ̀pọ̀ ètò ni ogún àjẹjù ti sọ di wúruwùru.

Ní báyìí, ẹ ṣe káàdì méjì, a àti b. Ẹ dá owó sí a, kí ẹ wá kọ print(len(b.owo)), kó ka iye ìgbà tí owó wọ b. Bó bá gbé 0 jáde, ẹ gbé e fún màmá.