Orúkọ Gààrí Mi Wà Lára Ọ̀rá Ẹlòmíràn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń yan gààrí, mo sì ti forúkọ òwò mi, "Ojúlówó Gààrí Ìjẹ̀bú", sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tí ń forúkọ òwò àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo rí ọ̀rá gààrí ẹlòmíràn lọ́jà pẹ̀lú orúkọ yìí kan náà, àti ewé ẹ̀gẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi yà, àfi pé wọ́n kun tiwọn ní pupa. Ṣé kí n lọ gba trademark, ìyẹn àmì ọjà, ni, àbí ìwé CAC ti tó?
Oníṣòwò gààrí kan

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ìwé CAC fi yín hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fi orúkọ yẹn ṣòwò, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di tiyín nìkan lórí ọjà. Ọ́fíìsì tí ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ l'Ábújá ló ń ṣe ìyẹn.

Orúkọ náà gan-an ni ìṣòro. Gààrí ni orúkọ ọjà, Ìjẹ̀bú ni orúkọ ibi tó ti wá, ojúlówó sì ni ìyìn tí gbogbo ọlọ́jà ń fún ọjà rẹ̀. Òfin àmì ọjà ọdún 1965, tí a ṣì ń lò, kì í fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tí ń yan gààrí ní Àgọ́-Ìwòyè náà lẹ́tọ̀ọ́ láti pe tirẹ̀ ní gààrí Ìjẹ̀bú. Lójú tèmi, ẹ má náwó lé e.

Ewé tí ẹ yà ni kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tuntun tí ẹ bá fúnra yín ṣẹ̀dá. Dúdú àti funfun ni kí ẹ fi àwòrán náà hàn wọ́n, torí pé àmì tí a kò so mọ́ àwọ̀ kan kárí gbogbo àwọ̀, ti pupa yẹn náà kò sì ní yọ sílẹ̀. Aṣojú tí ọ́fíìsì náà fọwọ́ sí yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ti gba ohun tó jọ ọ́ ní ìsọ̀rí 30, ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀rí tí wọ́n pín ọjà sí, níbi tí gààrí wà. Bí wọ́n bá gbà á, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹni tí kò bá sì fara mọ́ ọn ní oṣù 2 láti takò ó. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ń lò, bí ẹ bá sì sọ ọ́ dọ̀tun, ọdún 14 ni wọn yóò fi kún un.

Ní ti ẹni tó ṣe àfarawé yìí, ẹ lè pè é lẹ́jọ́ láìtíì gba trademark, bí ẹ bá lè fi hàn pé àwọn oníbàárà ti mọ ewé yẹn mọ́ yín, tí àfarawé náà sì ń ṣì wọ́n lọ́nà. Ẹ wá ọ̀rá tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ àti rìsíìtì atẹ̀wé, kí ẹ sì ra ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀ pamọ́ kí ẹ tó lọ bá lọ́yà.