Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Olùkọ́ Àdáni Fún Èdè Faransé Lórí Fóònù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Jagun nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì sì ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Abidjan fẹ́ kí n wá gba ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí kò bá gbọ́ Faransé, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a dá iye lé ọjà rẹ̀. Mo ti kọ́ ọ díẹ̀ nínú kíláàsì kan tí a pọ̀ sí. A ka ìwé, a kọ orin, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fi Faransé bi mí pé èló ni ọjà, n kì í mọ ohun tí màá sọ. Olùkọ́ kan wá ní òun yóò máa kọ́ èmi nìkan lórí fóònù. Ṣé owó náà kò ní ṣòfò? Ṣé ọjọ́ orí mi kò sì ti kọjá ẹ̀kọ́? (Aláṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ìyá aláṣọ. Ọjọ́ orí yín kò kọjá ẹ̀kọ́ rárá. Ẹ sáà mọ àwọn ará Èjìgbò, tí wọn kò jìnnà sí yín, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láti Abidjan láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jókòó sí kíláàsì kankan, inú ọjà àti ìdí iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ti gbọ́ Faransé. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi èdè náà ṣe, èyí sì ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí lọ. Owó yín kò ní ṣòfò bí olùkọ́ náà bá gbà láti gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ka orí iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwé kan náà tí ẹ kà ní kíláàsì ni yóò tún ṣí fún ẹ̀yin nìkan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san owó náà.

Ohun tí a ń sanwó fún lọ́dọ̀ olùkọ́ àdáni ni etí rẹ̀. Nínú kíláàsì tí èrò pọ̀ sí, kò sí bí olùkọ́ ṣe lè fetí sí ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnu àwa Yorùbá ní ibi tó ti yá àti ibi tó ti ń kọsẹ̀ nínú Faransé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín “e” àti “ẹ”, àti láàárín “o” àti “ọ”, ti wà lẹ́nu wa láti kékeré, Faransé sì ní gbogbo wọn. Àwọn ìró tí a ń fi imú gbé jáde kò ṣàjèjì sí wa. A kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa pé a kì í pe àgbàlagbà ní “ìwọ”, nítorí “tu” àti “vous” ń ṣe iṣẹ́ “ìwọ” àti “ẹ̀yin” gan-an. Ibi tí wàhálà wà ni “v” àti “z”, tí èdè wa kò ní, àti “p” wa tó wúwo ju tiwọn lọ.

Ẹ wo ibi tí èyí ti lè kan àpò yín. Ẹgbẹ̀rún méjì ni “deux mille”, ẹgbẹ̀rún méjìlá sì ni “douze mille”. Ẹni tí kò lè pe “z”, tí ó sì ń pe “eu” bí “u” wa, lè máa pe méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, oníbàárà sì lè ya owó ẹgbẹ̀rún méjì sílẹ̀ fún aṣọ ẹgbẹ̀rún méjìlá fáráńkì CFA. Ìwé kò lè gbọ́ àṣìṣe yìí. Olùkọ́ tó ń gbọ́ yín nìkan yóò gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò dá yín dúró, yóò sì ní kí ẹ tún un pè títí yóò fi yọ kedere. Bákan náà ni “u” inú “tu”: ẹ pe “i”, ṣùgbọ́n kí ẹ ká ètè yín jọ bí ẹni ń pe “u” wa. Ó yẹ kí ẹ máa rí ẹnu ara yín lórí fídíò nígbà tí ẹ bá ń kọ́ irú èyí.

Ní ti iye owó, ẹ má bẹ̀rù. Ogún mẹ́rin ni Faransé ń pe ọgọ́rin, bí àwa náà ṣe ń pè é. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún: àwa máa ń yọ mẹ́wàá kúrò nínú èyí tó wà lókè, àwọn máa ń fi mẹ́wàá kún èyí tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ọgọ́ta àti mẹ́wàá, ọgọ́rin àti mẹ́wàá. Kí olùkọ́ yín ṣe oníbàárà, kí ẹ ṣe aláṣọ, kí ẹ sì máa ná ọjà lójoojúmọ́ tí ẹ bá pàdé. Kí ó máa nájà bí ẹni tí kò fẹ́ rà, kí ó ní aṣọ náà ti ṣá, kí ó béèrè ẹ̀dínwó. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀, kí ẹ máa gbọ́ ọ nígbà tí ọjà bá dá.

Bí ẹ bá ṣì ń yan olùkọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá a sí Kétu, Sábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ lórílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá. Ọmọ Yorùbá tó fi Faransé kàwé láti kékeré yóò mọ ìdí tí ẹ fi ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, yóò sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Aago wọn àti tiwa dọ́gba, nígbà tí ti Abidjan fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Kí ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ kan péré lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òun nìkan bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ tún sọ fún un pé Abidjan ni ẹ ń lọ, nítorí Faransé ìgboro níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní nouchi, yàtọ̀ sí ti inú ìwé. Ẹ kò ní láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí etí yín ti gbọ́ ọ rí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ sàn fún yín ju wákàtí méjì ní ọjọ́ Àìkú lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ní LAUTECH, mo sì fẹ́ fi Faransé kún ohun tí màá fi wá ọ̀nà Kánádà. Olùkọ́ mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n lọ ṣe ìdánwò Faransé tí wọ́n ń pè ní DELF. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: DELF dára, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í sì í kú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni Kánádà ń gbà fún Express Entry, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń yan àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá máa gbé níbẹ̀. Ìdánwò Faransé TEF Canada tàbí TCF Canada ni wọ́n ń béèrè, ọdún méjì péré sì ni èsì wọn fi ń wúlò, nítorí náà, má tètè jókòó sí i. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé nípasẹ̀ ìpín àwọn tó gbọ́ Faransé gbọ́dọ̀ dé ìpele keje lórí òṣùwọ̀n ìmọ̀ Faransé ti Kánádà, NCLC 7, nínú gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ oṣù díẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí olùkọ́ kankan má ṣe tàn ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ tó mọ ìdánwò náà lóòótọ́, yóò máa fún ọ ní àròkọ tí a ń fi aago ṣọ́, yóò sì dá a padà pẹ̀lú àtúnṣe. Béèrè bóyá ó ti kọ́ ẹnì kan yege nínú TEF tàbí TCF rí. Alliance Française, ilé ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà Faransé, wà ní Ìbàdàn, ó sì yẹ kí o yà níbẹ̀ kí o tó pinnu.

ÌBÉÈRÈ: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ kò dára, dátà sì wọ́n. Báwo ni mo ṣe lè máa kẹ́kọ̀ọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi fídíò kí ara yín, kí ẹ kọ́ ìró tuntun, kí ẹ sì pa fídíò náà, kí ẹ máa bá ohùn nìkan lọ, dátà tí ohùn ń jẹ kéré púpọ̀ sí ti fídíò. Ìpàdé ọ̀fẹ́ lórí Zoom máa ń já lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n Google Meet kò ní já ẹni méjì bẹ́ẹ̀. Láàárín ẹ̀kọ́ kan sí èkejì, ẹ máa fi ohùn ránṣẹ́ sí olùkọ́ lórí WhatsApp, kí ó máa fi ohùn tún un ṣe fún yín. RFI, ilé-iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé, náà ní ìròyìn ní Faransé tó rọrùn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè gbà á sílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára. Kí ẹ tó san owó oṣù kan, ẹ bá olùkọ́ náà ṣàdéhùn pé ẹ̀kọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gé láàárín, ẹ ó parí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn láìsan owó míì.